Ìwé Akọni Tí Mo Rán Lódì

Ṣọ́ọ̀bù ìdìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Bauchi Road ní Jos, níwájú yunifásítì. Iṣẹ́ wa kò le. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kó pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá, a ó fi gọ́ọ̀mù dì í, a ó fi páálí líle ṣe èèpo rẹ̀, a ó fi àwọ̀ góòlù tẹ orúkọ wọn sí i lára, wọ́n á sì máa lọ. Ọ̀gá mi, obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos bí wọ́n ṣe bí èmi náà síbẹ̀, ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Èmi ń gé, mo ń lẹ̀, mo ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló bá mi lára mu. Mi ò fẹ́ràn kí ojú ènìyàn méjì wà lára mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí oníbàárà bá bi mí ní ìbéèrè, ọ̀gá mi ni mo máa ń wò, òun á sì dá a lóhùn.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo jókòó sí ní àdúgbò Dilimi. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, ó ń ta ìwé kéú, ó sì ń tún èyí tó bá ti ya rán. Àwọn àfáà máa ń kó Kùránì tí àwọn ọmọ kéú ti fà ya wá bá a. A ó tú u, a ó tò ó, a ó tún un rán. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rán ìwé kéú, títí ojú bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú tí iṣẹ́ sì dín kù. Ìgbà náà ni mo wá iṣẹ́ wá sí Bauchi Road. Ọ̀gá mi gbà mí nítorí pé mo mọ abẹ́rẹ́ lò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, mi ò rí ẹni tó ń bèèrè abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè abẹ́rẹ́ ni bàbá kan tó ń gbé ní àdúgbò Hwolshe. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Èkìtì ni, ìjọba ló gbé e wá sí Plateau nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀ òyìnbó. Iṣẹ́ parí, kò padà sílé. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Eékún rẹ̀ méjèèjì kò dára mọ́, ó sì máa ń fi ọwọ́ di ògiri mú kó tó jókòó, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa.

Ohun tó ń wá ṣe níbẹ̀ ya ọ̀gá mi lẹ́nu, ó ya èmi náà lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́míìkì ló ń wá sọ, àwọn ìwé aláwòrán tí akọni kan máa ń fò lójú ọ̀run tàbí tó máa ń la ògiri kọjá. Àwọn tó ń bá a sọ ọ́ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti kùsà. Yorùbá ni, àmọ́ Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin tó ń kọ́ òfin, tó máa ń mu kúnún nínú ọ̀rá bó ti ń sọ̀rọ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin yìí ni wọ́n wá dì lọ́jọ́ kan, wọ́n bá Bàbá Tíṣà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́míìkì lọ́wọ́, wọ́n bi í léèrè ohun tó rò nípa rẹ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé kálukú á sọ èyí tó kà láàárín ọ̀sẹ̀, á sọ ibi tó ti dùn, á sọ ibi tó ti já a kulẹ̀, àwọn yòókù á sì ta kò ó. Orí fóònù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń ka tiwọn. Bàbá Tíṣà ń ra tirẹ̀ ní ọjà Terminus, lọ́wọ́ àwọn tó ń tú bẹ́ẹ̀lì ọkirika, nítorí pé nígbà míì, wọ́n máa ń rí ìwé nísàlẹ̀ aṣọ àti bàtà. Ọ̀dọ́kùnrin náà fẹ́ràn ìjà. Bí akọni kan bá fi ojú ìwé mẹ́ta sọ̀rọ̀ láìlu ẹnikẹ́ni, ó ti tán nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà kì í fojú re wo bí wọ́n ti ń ya àwọn obìnrin inú rẹ̀. Ó ní ṣé aṣọ tó ha mọ́ wọn lára báyẹn ni wọ́n fi ń sáré. Bàbá Tíṣà ní tirẹ̀ á fi ìka tọ ìlà àwòrán, á ní ẹni tó yà á yìí mọ ọwọ́ ènìyàn yà, èyí kejì kò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń fi gbogbo ọwọ́ pamọ́ sínú àpò.

Bàbá Tíṣà ní òfin kan. Kì í ka ìwé pẹlẹbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á kó wọn jọ títí ìtàn kan á fi pé, á ní kí wọ́n dì wọ́n pọ̀ di ìwé kan, ìgbà náà ni á tó kà á. Ó ní ẹni tó ń ka ìtàn ní ẹyọ ẹyọ dà bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà ní hóró hóró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á ní ìdí rẹ̀ tí ìròyìn Bàbá fi máa ń pẹ́ nìyẹn.

Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìgéwé, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí wọn. Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọn kò mọ̀ ni pé èmi náà ń kà. Bí Bàbá Tíṣà bá gbàgbé ọ̀kan sórí tábìlì, tàbí tí ọ̀dọ́kùnrin náà bá tẹ ojú ìwé díẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa, mo máa ń kà á kí n tó kó o lé wọn lọ́wọ́. Àwòrán ni mo máa ń kọ́kọ́ kà tán. Lẹ́yìn náà, màá padà sẹ́yìn, màá fi ìka tọ ọ̀rọ̀ òyìnbó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ̀, màá wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́, mo sì máa ń mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ẹ̀bẹ̀.

Mo ní èrò tèmi. Ohun tí mi ò gbà nínú gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ ògiri. Akọni á gbá ọ̀tá mọ́ ilé, ilé á wó, nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, ilé náà ti dìde, fèrèsé rẹ̀ ń dán. Ní Jos níbí, mo mọ ògiri tó wó nígbà wàhálà tí mo wà ní kékeré, tí koríko ti hù nínú rẹ̀ dòní. Mo máa ń fẹ́ bi wọ́n pé, ta ló kọ́ ọ padà, níbo ni àwọn onílé sùn? Ẹnikẹ́ni kò bi mí, mi ò sì sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, Bàbá Tíṣà gbé ìdì kan wá, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́sàn-án tí ẹni tó tà á fi okùn so pọ̀ ní títò. Ikán ti jẹ èèpo gbogbo wọn, nọ́ńbà kankan kò kù lára wọn. Kò tíì ka ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní ẹ̀rọ máa gé etí ìwé náà, ọ̀rọ̀ á sì bá a lọ. Bàbá ní ohun tí òun rò náà nìyẹn, pé abẹ́rẹ́ ló kù. Ọ̀gá mi bá nawọ́ sí mi.

Bàbá Tíṣà wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó bi mí ọmọ ta ni mí, ọ̀gá mi dá a lóhùn pé ọmọ àfáà tó ń rán ìwé ní Dilimi ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ọmọ Àfáà.

Ó ní, "Ọmọ Àfáà, páálí kan wà nílé mi, ó kún fún irú èyí tí ẹ̀rọ kò lè dì. Ogún ọdún ni mo ti ń wá ẹni tó máa fi ọwọ́ rán wọn. Bí èyí bá dára, wàá gba gbogbo rẹ̀. Bí kò bá dára, wọ́n á wà nínú páálí títí màá fi kú."

Mo kàn gba ìdì náà. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti ń fẹ́ páálí náà. Mo fẹ́ ẹ nítorí kíkà rẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ nítorí abẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá ti mọ nǹkan kan ṣe dáadáa, tí kò wá rí i ṣe mọ́, ó máa ń dà bíi pé ó parọ́ pé òun mọ̀ ọ́n rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ìtàn ọkùnrin kan ni, alágbàáró ní èbúté, tó lè gbé ohunkóhun. Ó lè gbé afárá, ó lè gbé ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àwọn èrò inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá gbé, ìwúwo rẹ̀ á ṣẹ́kù sí i lára. Bó bá sọ afárá kalẹ̀, ara rẹ̀ ṣì ń ru afárá. Nínú ìwé kìn-ín-ní, ọmọdé ni, ó fò sókè òrùlé láti mú bọ́ọ̀lù. Nínú ìwé kẹsàn-án, ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì nítorí pé kò sí ibùsùn tó lè gbà á, kò sì lè dìde mọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń rán aṣọ fún un, torí aṣọ ń ya mọ́ ọn lára. Nínú ìwé kẹta, aṣọ kò sí nílé mọ́, ẹ̀gbọ́n yìí bá mú aṣọ ìgbéyàwó tó ti ń fi pamọ́, ó gé e, ó fi lẹ ẹ̀yìn ẹ̀wù àbúrò rẹ̀. Òdòdó pupa kéékèèké wà lára aṣọ náà. Ẹni tó ya àwòrán kò gbàgbé òdòdó yẹn títí ìtàn fi parí. Ibi yòówù kí akọni náà kọ ẹ̀yìn sí wa, a ó rí i.

Mo rò pé ìwé tó dára ni. Mo kó o lọ sílé ní Dilimi, mo gbé férémù onígi tí bàbá mi fi ń rán ìwé kalẹ̀ ní ọ̀sán Sọ́ńdè, mo jókòó síbi tí mo ti máa ń jókòó, mo sì rán an. Òwú náà kò já lẹ́ẹ̀kan. Mo fi aṣọ aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣe èèpo rẹ̀, mi ò sì kọ nǹkan kan sí i lára, nítorí pé Bàbá ní òun fúnra òun ló máa kọ orúkọ rẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ pa á, ó ní ó le dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Tíṣà gbà á, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun á sọ èrò òun ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà, inú rẹ̀ ń dùn kó tó jókòó. Ó ní òun kò tíì ka irú rẹ̀ rí. Ó ní òǹkọ̀wé yìí láyà, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń parí ìtàn sí ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ojú ìwé kìn-ín-ní ni akọni ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè mira, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohun tó ṣe é fún wa. Lẹ́yìn náà, a ó máa rí i bí ẹrù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀, ó gbé afárá sílẹ̀, ó ń fúyẹ́ lọ, títí ó fi di ọmọdé, ó sì fò, ìwé parí nígbà tó ṣì wà lókè. Bàbá fi ọwọ́ lu eékún rẹ̀, ó ní kì í ṣe ojú ni òun fi ka ìwé náà, eékún yìí ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì wo ara wọn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti ka ìtàn náà lórí fóònù ní ọdún tó kọjá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ pè ní ìparí yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo kà á, wallahi. Ọmọ yẹn ló dàgbà tó di alágbàáró."

Bàbá ní fóònù rẹ̀ ló wà lódì. Ọmọbìnrin náà nawọ́ gba ìwé náà, ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtàn ń tẹ̀ síwájú, ó wá tẹ̀ síwájú dà? Bàbá ní ọgbọ́n òǹkọ̀wé nìyẹn. Ó ní ọmọ tó fò sókè, ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ibi tó balẹ̀ sí hàn wá ká tó gbà pé ó fò ni? Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Haba, Bàbá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí. "Ẹ sáà gbà pé àgbà ti dé. Ìdí ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé báyìí."

Ẹ̀fẹ̀ ni. Irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò bọ́ sí ibi tó yẹ. Ojú Bàbá yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Èkìtì, èyí tí kì í sọ àfi tí inú bá ń bí i, ó ní òun ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ka ìtàn kí bàbá wọn tó mọ A. Lẹ́yìn náà, ó gba ìwé náà padà, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Mo rí i pé ó ti ń bi ara rẹ̀ léèrè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé náà ló ń bi ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí ara rẹ̀ ni.

Èmi ti mọ̀. Láti ìgbà tó ti ní akọni wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ojú ìwé kìn-ín-ní ni mo ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìwé kéú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìwé òyìnbó parí sí, ibẹ̀ ni iwájú rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, èyí tó kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ gbé sórí férémù, màá máa to àwọn yòókù lé e, èyí tó ṣáájú á wà lókè pátápátá. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn ní ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni wọ́n ti ń ṣí ìwé òyìnbó, òkè yẹn sì di ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Bauchi Road, pírójẹ́ẹ̀tì máa ń wá pẹ̀lú nọ́ńbà lára ojú ìwé rẹ̀, mi ò lè ṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sídìí férémù nílé, tí ìwé kò ní nọ́ńbà, ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Ìwé kẹsàn-án ló wà níwájú, ìwé kìn-ín-ní ló wà lẹ́yìn.

Bí mo bá dákẹ́, páálí á wá. Ó ti sọ fún ọ̀gá mi nígbà tó ń wọlé pé iṣẹ́ náà wu òun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé àgbà ló dé sí i, òun náà á gbà bẹ́ẹ̀, á máa lọ sílé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Dídákẹ́ kì í sì í ṣe iṣẹ́ fún mi. Òun ni mò ń ṣe lójoojúmọ́.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú mẹ́fà ló wà lára mi.

"Bàbá, òótọ́ ni wọ́n sọ," ni mo wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í kà. Èmi ni mo rán an lódì."

Ohùn mi kéré, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo fi ìwé náà hàn wọ́n, mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé kéú fún wọn, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọ̀gá mi ti jáde wá sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin náà ń wo ilẹ̀. Bàbá Tíṣà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo ka ìwé náà kí n tó rán an.

"Mo kà á, sà."

"Láti iwájú?"

"Láti iwájú."

"Èwo ló dára jù, tìrẹ ni àbí ti òǹkọ̀wé?"

Ọ̀gá mi ni mo yíjú sí. Òun kò ka ìwé náà.

"Ti òǹkọ̀wé ni," ni mo wí. "Nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹ bá kà á bí mo ṣe rán an, ẹ máa rí òdòdó pupa lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ kí ẹ tó mọ ibi tó ti wá. Aṣọ lásán lẹ máa pè é. Nígbà tí ẹ bá fi dé ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gé aṣọ ìgbéyàwó, ẹ ti gbàgbé òdòdó. Gbogbo ẹrù ọkùnrin yẹn á sọ̀ kalẹ̀, ti obìnrin yẹn nìkan ni kò ní sọ̀."

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níwájú wọn rí. Ọmọbìnrin náà ti gbàgbé kúnún rẹ̀ sọ́wọ́. Bàbá Tíṣà ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, ó wá ibi aṣọ ìgbéyàwó kàn, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kó o sínú àpò rẹ̀, ó kí wa pé ó dàárọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ. Kò sọ̀rọ̀ páálí.

Ọ̀gá mi bá mi wí nígbà tí ilẹ̀ dákẹ́. Ó ní kì í ṣe pé mo ṣàṣìṣe ló ń dun òun, bí kò ṣe pé mo sọ ọ́ lójú oníbàárà méjì. Ó ní ṣebí mo lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yẹn náà ló fi Bàbá rẹ́rìn-ín, ojú wọn ló yẹ kí n ti tún un ṣe. Nílé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó bi mí apá ibo ni orí ìwé kọ sí lórí férémù, mo ní apá ọ̀tún, ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí òun ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe ṣe é. Ó rò pé òun ń tù mí nínú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Tíṣà kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, kò wá. Òjò ń rọ̀, òtútù Jos sì mọ eékún àgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun ti pè é lórí fóònù láti bẹ̀ ẹ́, Bàbá ní kò sí ìjà. Nígbà tí wọn kò rí nǹkan sọ mọ́, ọmọbìnrin náà bi mí bóyá ohun mìíràn wà tí mi ò fẹ́ràn nínú àwọn ìwé wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ògiri láti ibi tí mo wà, láìjáde. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé àwọn, àwọn ń so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Kò sọ ilé ta ni tẹ́lẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, Bàbá Tíṣà dé pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ nínú àpò, kò gbé páálí. Ó gbé ìwé náà ka iwájú mi.

"Tú u," ló wí. "Mo ti gbádùn èyí tó o ṣe yìí tó. Jẹ́ kí n wá rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Mo tú u níbẹ̀, lójú rẹ̀, lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi fún mi láàyè. Mo yọ èèpo rẹ̀, mo gé òwú, mo tú mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sílẹ̀. Ọkàn mi ń bẹ̀rù pé ìwé á ya, kò ya. Ihò abẹ́rẹ́ ti àkọ́kọ́ wà níbi tó yẹ kó wà, inú ihò kan náà ni mo tún mú òwú gbà. Títò nìkan ló yí padà. Bàbá jókòó tì mí, ó ń kà wọ́n bí mo ṣe ń gbé wọn lé ara wọn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó kà wọ́n sókè, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka ọmọ wọ ọkọ̀. Mi ò rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Mo jẹ́ kó máa kà.

Nígbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, oníkẹ̀kẹ́ ló bá a gbé páálí náà wọlé. Páálí ọṣẹ ni, ó ti gbó, wọ́n fi okùn méjì so ó. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ tábìlì mi. Mo ṣí etí rẹ̀ kan wò. Lára gbogbo ìwé pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ní igun òkè, Bàbá ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà, gàdàgbà gàdàgbà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Yóò ti gbà á ní ọjọ́ púpọ̀. Mi ò bínú sí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dé. Ó jókòó sáàárín wọn, ó ní òun ti ka ìwé alágbàáró náà láti iwájú, òun sì ti rí òdòdó. Ó ní ìwé tó dára ni, ó ba òun nínú jẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ó ní òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn, ẹni tó ya àwòrán náà mọ̀ ọ́n, òǹkọ̀wé ni kò fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí òun mú ọ̀kan, èyí tí Ọmọ Àfáà rán lódì ni òun máa mú. Ó ní ní ọjọ́ orí òun, ènìyàn lè fẹ́ kí ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun kò gbà. Ọmọbìnrin náà ní òun kò tíì mọ̀. Bàbá Tíṣà bá na ọrùn sí ibi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ.

"Ọmọ Àfáà, ìwọ ńkọ́? Ṣé orí èyí tó o sọ lọ́jọ́sí lo ṣì wà?"

Ọ̀gá mi ń ka nǹkan lórí fóònù rẹ̀. Mi ò dúró kó gbójú sókè.

"Orí rẹ̀ ni mo ṣì wà, sà," ni mo wí, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.